Ọyẹ́ Kọ́ Ló Da Eruku Sára Ọ̀dà Yín

Mo fẹ́ ṣe lọ́yà fún ọyẹ́ lónìí. Mo mọ̀ pé èèyàn tó fẹ́ràn rẹ̀ ò pọ̀. Ó ń la ètè, ó ń gbẹ imú, ó sì ń sọ ẹsẹ̀ gbogbo wa di funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ ilé ìlọta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan wà tí àwa tí à ń kun nǹkan kéékèèké ní ọ̀dà máa ń fi kàn án lọ́dọọdún, tí mo sì ti wá rí i pé irọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. A ní òun ló ń da eruku sórí iṣẹ́ wa kó tó gbẹ. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fi èpè díẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń kùn. Bàbá mi wa danfo fún ọdún mọ́kàndínlógún, Ọ̀ṣòdì sí Ìkọ̀tún, títí eékún wọn fi ní òun ò ṣe mọ́. Owó danfo yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì, òun náà ló sì ra fọ́ọ̀mù másítà tí mò ń ṣe báyìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù kìíní, mo ní mi ò ní ra kéèkì, mi ò sì ní ra áńkárá. Mo máa fún wọn ní danfo wọn padà.

Danfo kékeré ni o. Àwọn kan máa ń ṣe módẹ́lì ọkọ̀, ọkọ̀ òfuurufú àti ilé, tí wọ́n á dín wọn kù bó ṣe yẹ. Ègé ike lóríṣiríṣi ló máa ń wá nínú páálí. Ìwọ lo máa gé e, lo máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀, lo máa kùn ún. Tèmi jẹ́ bọ́ọ̀sì Volkswagen, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:24, ìyẹn ni pé gbogbo 24 sẹ̀ǹtímítà lára ọkọ̀ gidi ti di sẹ̀ǹtímítà 1 péré. Ike tí wọ́n ń pè ní polystyrene ni wọ́n fi ṣe é. Ike yìí kan náà ni wọ́n ń fẹ́ wú di fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun. Iye tí mo rà á, mi ò ní sọ ọ́ síbí, nítorí àbúrò mi máa ń ka búlọ́ọ̀gì yìí.

Mo ra pírámà funfun, mo ra ọ̀dà yẹ́lò inú agolo, irú èyí tí èèyàn á kàn tẹ orí ẹ̀ tí á sì máa fín. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ kan ni gbogbo ẹ̀ máa gbà.

Nígbà àkọ́kọ́, ìta gbangba ni mo ti fín in, ní ọ̀sán gangan. Ìyẹn, ẹjọ́ mi ni, mi ò jiyàn. Títì iwájú ilé wa n'Ìbàdàn kò rí ọ̀dà rí, ọ̀kadà mẹ́ta sì kọjá kí n tó dé ẹ̀gbẹ́ kejì bọ́ọ̀sì náà. Kòkòrò kan tilẹ̀ wá bà lé òrùlé, ó sì kú síbẹ̀ bí ẹni pé ó ti wọkọ̀. Nígbà kejì, mo wọ yàrá, mo ti fèrèsé pa, mo sì tan fáànù sí i kó lè yára gbẹ. Nígbà tí mo padà dé, òrùlé danfo mi ti hu irun. Nígbà kẹta, mo fi táwẹ̀lì nu gbogbo ara rẹ̀ dáadáa, mo fín in, mo wá fi ọ̀rá bò ó bí ẹni bo ìrẹsì níbi ìnáwó. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Danfo tí ò ní eruku, ṣé danfo nìyẹn?" Ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ò pé. A lè dín ọkọ̀ kù ní ìlọ́po 24, àmọ́ a ò lè dín eruku kù. Hóró kan tó jẹ́ ìdajì mílímítà lórí módẹ́lì mi dà bí ohun tó jẹ́ mílímítà 12 lórí danfo gidi, ìyẹn sì tó hóró ẹ̀wà. Fọ́nrán òwú tó gùn ní mílímítà 2 péré máa dà bí okùn tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ta ló rí danfo tí wọ́n kùn mọ́ ẹ̀wà àti okùn lórí rí? Bí mo bá fẹ́ kí ó dọ̀tí, èmi ni màá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìdọ̀tí tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Eruku gidi ti tóbi jù fún ọkọ̀ kékeré.

Inú bí mi. Mo gbé bọ́ọ̀sì náà lọ sí láàbù, mo sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù olójú méjì tí a fi ń wo òkúta. (Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi.) Ohun tí mo ń retí ni iyẹ̀pẹ̀ pupa, kí n lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo ti mú ọ̀daràn. Iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni fọ́nrán aṣọ, wọ́n ká kórókóró, wọ́n sì ní àwọ̀ búlúù. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ro ohun tó jẹ́ búlúù nínú yàrá mi. Táwẹ̀lì mi ni.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e wá, tí mo tún rò pé ìmọ́tótó ni mò ń ṣe.

Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sọ̀rọ̀. Eruku ọyẹ́ gidi ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ọ̀kan pàtàkì nínú orísun rẹ̀ ni kòtò Bodélé ní Chad, níbi tí omi adágún ńlá kan wà láyé àtijọ́ tó ti gbẹ tán. Afẹ́fẹ́ máa ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá, á wá máa gbá ìsàlẹ̀ adágún tó ti gbẹ yẹn kiri. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn lé ní 1,500 kìlómítà. Hóró tó bá wúwo á ti já bọ́ lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí ti àwọn ará Kano fi máa ń kún ju tiwa lọ. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín sábà máa ń kéré gan-an, máíkírómítà díẹ̀ péré. Máíkírómítà kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Irun orí èèyàn kan nípọn tó nǹkan bí 70. Ọ̀dà tí a fín ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tó sì ti gbẹ, lè nípọn tó 20 sí 30. Nítorí náà, tí hóró ọyẹ́ bíi mélòó kan bá bọ́ sínú ọ̀dà tútù, ṣe ni ó máa rì sínú rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ tó bọ́ sódò. Ojú lásán ò ní rí i. Tí ó bá pọ̀ gan-an, ó lè mú kí dídán rẹ̀ dínkù, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò lè hu irun.

Fọ́nrán aṣọ ò rí bẹ́ẹ̀. Òun gùn, orí rẹ̀ á yọ síta, ohun tó sì burú jù ni pé ọ̀dà tútù máa ń gun ara rẹ̀. Ẹ ti bu omi sínú kọ́ọ̀bù jígí rí, ẹ sì ti rí bí etí omi ṣe máa ń gun ara jígí díẹ̀. Ohun tí ọ̀dà ń ṣe sí fọ́nrán nìyẹn: á fà mọ́ ọn, á gùn ún, á sì gbẹ síbẹ̀ bí òkìtì kékeré. Ìdí nìyẹn tí eruku inú ọ̀dà fi máa ń tóbi lójú ju eruku tí a rí lórí tábìlì lọ. Kì í ṣe eruku nìkan lẹ̀ ń rí. Eruku àti ẹ̀wù ọ̀dà tó wọ̀ ni.

Àmọ́ lọ́yà tó dáa kì í fi ẹ̀bi oníbàárà rẹ̀ pamọ́ fún ilé ẹjọ́. Ọyẹ́ náà jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹ̀sùn tó yẹ ká fi kàn án kọ́ la fi ń kàn án.

Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ni pé ó ń gba ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ rántí ìgbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí a máa ń fi bíírò ra irun orí, tí á wá máa fa ègé bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra. Àwọn ike kan máa ń di agbára iná mú nígbà tí a bá ra wọ́n, polystyrene sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ní àsìkò òjò, omi tín-ínrín tí ojú ò rí máa ń wà lójú gbogbo nǹkan, òun ló máa ń jẹ́ kí iná yẹn rọra sá lọ. Ní àsìkò ọyẹ́, omi yẹn ò sí. Iná á jókòó sójú kan, ike á sì máa pe eruku mọ́ra. Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí aṣọ polyester máa ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lára yín tí ẹ bá ń bọ́ ọ lálẹ́ nínú oṣù Kejìlá.

Ẹ wá wo gbogbo ohun tí mo ṣe. Mo fi táwẹ̀lì gbígbẹ ra ike polystyrene ní àkókò ọyẹ́. Mo tún fi ọ̀rá bò ó, ọ̀rá tó jẹ́ pé bí mo ṣe ń fà á, ṣe ló ń gba iná sára. Tí ẹnì kan bá ní kí n ṣe ẹ̀rọ tó máa kó eruku jọ, bí màá ṣe ṣe é gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fáànù ló kàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín máa bá mi jà lórí èyí, torí gbogbo ilé ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé nǹkan tó tutù, kí á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Hóró iyẹ̀pẹ̀ tó jẹ́ máíkírómítà 10, bí afẹ́fẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́, nǹkan bíi mílímítà 8 ló ń já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti òkè àjà tó ga ní mítà 2.5, á dé ilẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó jẹ́ máíkírómítà 2 máa lò ju wákàtí méjì lọ, àmọ́ a ti sọ pé ìyẹn ò lè ṣe wá ní nǹkan púpọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé tí ẹ bá ti yàrá pa, tí ẹ pa fáànù, tí ẹ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ eruku tí ojú lè rí ti wà nílẹ̀. Òòfà ilẹ̀ ti bá yín gbálẹ̀ afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Fáànù wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ní mítà kan tàbí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún bí hóró yẹn ṣe ń já wálẹ̀ lọ. Kò ní jẹ́ kó balẹ̀ láéláé. Á máa gbé e yí po, á máa gbé e kọjá níwájú ọ̀dà tútù, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá. Kí ẹ tó gbà mí gbọ́, ẹ gun àga, kí ẹ wo ojú abẹ fáànù òkè àjà yín. Ẹ rí i bó ṣe dúdú? Ibi tí ẹ̀ ń retí ìrànlọ́wọ́ sí nìyẹn.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n mi ló kọ́ mi ní èyí. Iná ló lọ. Nígbà kẹrin tí mo fẹ́ fín in, mo ti tún fi sáńpépà àti omi fọ gbogbo ẹ̀ dànù, mo ti fín in tán ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo gbé e wọlé, mo sì ń nawọ́ sí fáànù ni gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Ó rẹ̀ mí. Mo gbé páálí bò ó, mo lọ sùn sí yàrá kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ah ah, ta ló bá ẹ kùn ún?"

Ẹnì kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kun nǹkan mọ orúkọ rẹ̀: Willis Whitfield. Onímọ̀ físíìsì ni, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Sandia ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ń fẹ́ yàrá tí kò ní eruku rárá, níbi tí wọ́n ti lè máa to àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tín-tìn-tín. Yàrá tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń nù ún, wọ́n á máa fa eruku rẹ̀, síbẹ̀ pàbó. Kí nìdí? Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ fúnra wọn ló ń gbọn eruku dànù, láti ara, láti irun, láti aṣọ. Whitfield ò bá eruku jà lẹ́yìn tó ti balẹ̀. Ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ máa ti òkè bọ̀ wálẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, jẹ́jẹ́, ní ojú kan náà, kó sì máa gba ihò ilẹ̀ jáde. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe chip inú fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ funfun tó bo gbogbo ara tí ẹ máa ń rí lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fi ń dáàbò bò wọ́n. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dáàbò bò lọ́wọ́ wọn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tó máa bí àwọn kan nínú. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe módẹ́lì báwo lẹ ṣe máa yẹra fún eruku, ẹni àkọ́kọ́ á ní kí ẹ ra booth, àpótí onífáànù tí wọ́n ń ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń fa èéfín ọ̀dà síta. Booth dáa. Tí ẹ bá lówó rẹ̀, ẹ rà á, ẹ̀dọ̀fóró yín máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún eruku. Ẹ ronú sí i: ó ń fa afẹ́fẹ́ láti inú yàrá yín, ó sì ń gbé e kọjá lára ohun tí ẹ̀ ń kùn kó tó jáde. Tí yàrá bá ní eruku, ẹ̀ ń fi owó fa eruku yẹn wá bá ọ̀dà ni. Ibi tí a ti ń fín ọ̀dà àti ibi tí a ti ń jẹ́ kó gbẹ, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Àkọ́kọ́ nílò kí afẹ́fẹ́ máa lọ. Èkejì nílò kí afẹ́fẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ wa ń fẹ́ kí ojú kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, a wá ń pariwo ọyẹ́.

Èmi ò ra booth. Ike ìgbóúnjẹsí ńlá tó ní ìdérí ni mo rà lọ́jà, mo sì rò pé òun ló tún mi ṣe jù. Mo fi omi ọṣẹ fọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo ṣàn án dáadáa, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ, mi ò fi nǹkan kan nù ún. Bọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀, omi ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sì fi omi mímọ́ ṣàn án léraléra, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù kì í jẹ́ kí ọ̀dà dì mọ́ ike. Kí n tó fín in, mo fi aṣọ kékeré tí wọ́n fi ń nu jígí ojú, tí mo ti fi sípíríìtì ilé oògùn rẹ díẹ̀, nù ún lẹ́ẹ̀kan péré. Tútù yẹn ló ṣe pàtàkì. Aṣọ gbígbẹ ń fún ike ní iná. Aṣọ tútù ń jẹ́ kí iná náà rí ibi gbà lọ.

Ti omi tí à ń wọ́n sílẹ̀, mi ò kà á nínú ìwé kankan. Bàbá kan tó ń kun ọkọ̀ ní mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé wa ni mo ti rí i. Kí wọ́n tó fín ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ wọn á ti kọ́kọ́ wọ́n omi sí gbogbo ilẹ̀ yíká. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yunifásítì, eruku tó bá ti mu omi, ṣé ó tún lè fò ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹsẹ̀ wa ló ń gbé eruku ilẹ̀ dìde bí a ṣe ń rìn. Bí ilẹ̀ bá tutù, hóró á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á wúwo, wọ́n á jókòó. Mo tún wo ohun tí bàbá náà wọ̀: ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti gbó, tí òòrùn ti jẹ gbogbo òwú tó lè bọ́ kúrò lára rẹ̀ tán. Èmi, súwẹ́tà onírun ni mo wọ̀ torí òtútù ọyẹ́.

Ìdérí náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ má dé e pa pátápátá. Ọ̀dà ń gbẹ nítorí pé tínà inú rẹ̀ ń fò lọ. Tí kò bá ríbi fò lọ, á kún inú ike náà, ọ̀dà á sì pẹ́ kó tó gbẹ, nígbà míì á tilẹ̀ máa rọ̀. Èéfín tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ. Nítorí náà mo lu ihò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ike náà, nísàlẹ̀ pátápátá. Òkè ti pa, eruku ò lè já wọlé; ìsàlẹ̀ ṣí, tínà ń jáde. Nítorí èéfín yìí kan náà, ẹ má gbé e sítòsí àbẹ́là, sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì sùn nínú yàrá tó bá wà. Ẹ wọ ìbòmú tó dáa tí ẹ bá ń fín in. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní àwàdà nínú.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn torí kò ní owó nínú. Eruku tó ń já bọ́ láti òkè, ojú tó kọ sókè ló máa ń bà lé. Òrùlé danfo ló máa ń jìyà jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ọ̀dà ò bá lè ṣàn mọ́, mo yí bọ́ọ̀sì náà sí ẹ̀gbẹ́ lórí igi tí mo fi gbé e dúró, kí òrùlé kọjú sí ara ike. Mo kàn gba òrùlé lọ́wọ́ òòfà ilẹ̀ ni. Ọ̀dà inú agolo bíi tèmi kì í pẹ́ dé ibi tí eruku ò ti lè lẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Ọ̀dà olóró tó ń lo wákàtí púpọ̀ ni ẹ máa fi sùúrù ṣọ́ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má yọjú wò ó. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ́ òjò eruku.

Kí n má gbàgbé: kì í ṣe gbogbo ohun tó bá rí háráhárá lórí ọ̀dà ni eruku. Ní àsìkò ọyẹ́, tí ẹ bá jìnnà jù sí ohun tí ẹ̀ ń fín, ọ̀dà á ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó débẹ̀, á wá bà lé e bí ìyẹ̀fun. Mo ti rí ẹni tó fọ yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí èyí. Ẹ sún mọ́ ọn, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa mú ọwọ́ lọ. Tí hóró kan bá ṣì bà lé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìka yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sáńpépà 2000 àti omi rọra ra á, kí ẹ tún fín in.

Ìlà dúdú méjèèjì, ọjọ́ kejì ni mo ṣe wọ́n. Mo kọ "Ọ̀ṣòdì" síwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ínrín jù lọ tí mo ní. Nígbà tí mo gbé e fún bàbá mi lọ́jọ́ ìbí wọn, wọn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ṣí ojú wo táyà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó nílò afẹ́fẹ́. Wọ́n ní, "Ó mọ́ jù." Wọ́n wá fa áńkáṣífù yọ láti àpò bùbá wọn, áńkáṣífù gbígbẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n ṣe máa ń nu gíláàsì iwájú danfo gidi láàárọ̀ kùtùkùtù.

Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé.